Òrí Kọ́ Ni Àga Aláwọ Ń Fẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Camry 2008 tòkunbọ̀ ni mo ń wà. Awọ àga rẹ̀ ti le, ó sì ti ń sán ní etí ibi tí awakọ̀ ń gbà wọlé. Mo fi òrí pa á. Ó dán fún ọjọ́ méjì, ó wá ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, eruku sì bò ó. Kí ni kí n ṣe? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi òrí kàn án mọ́, àdí àti òróró náà kò dára fún un. Ọ̀dà wà lára awọ àga ọkọ̀ òde òní, wọ́n sì tún fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Òrí kò lè gba inú ike yẹn kọjá, orí rẹ̀ ló ń jókòó sí tí eruku fi ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí ẹ bá ti fọ òrí kúrò bí mo ṣe ń sọ ọ́ bọ̀, ẹ kán omi díẹ̀ sí i láti mọ̀ bóyá ike náà ṣì wà. Bí ó bá dúró roboto, ike ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá rì wọlé tí ojú ibẹ̀ sì dúdú, ike ti bó nìyẹn.

Ẹ fa eruku kúrò, pàápàá lójú rírán. Ẹ po ọṣẹ ìwẹ̀ ọmọdé tó jẹ́ olómi, ṣíbí tíì kan sí omi lítà kan, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ bu ìfófòó rẹ̀ nìkan. Ẹ máa fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ fi aṣọ tí ẹ fún gbẹ nù ún. Nítorí òrí tó wà níbẹ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ọṣẹ ìfọṣọ le jù, ó máa ń ṣí ọ̀dà.

Bó bá ti gbẹ lábẹ́ ibòji, ẹ bu ìpara awọ àga (leather conditioner, kì í ṣe ìpara ara ènìyàn) tó ìwọ̀n ẹ̀wà mẹ́ta sórí aṣọ, kì í ṣe sórí àga, kí ó má baà dí ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Ẹ fi pa á fẹ́lẹ́, ẹ dúró fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ nu èyí tó kù kúrò. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ti tó. Ẹ̀yìn àga àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ rọ́bà lásán, ẹ má fi ìpara ṣòfò níbẹ̀.

Ìpara kì í dí ibi tó ti sán o. Ẹ fi sáńpépà 600 gbo ó díẹ̀, ẹ fi sípíríìtì nù ún, ẹ fi àtè awọ tó máa ń rọ̀ bó bá gbẹ (leather filler) dí i ní ìpele tínrín, kí ìkọ̀ọ̀kan gbẹ kí ẹ tó fi òmíràn lé e. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà awọ àti ike ìbolé rẹ̀. Bí ó bá ti ya dé ẹ̀yìn, aránga, ẹni tó ń rán awọ àga, ni yóò pààrọ̀ abala yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí àkọlé AIRBAG lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ẹ má jẹ́ kí ó fi òwú lásán rán ojú ibẹ̀, nítorí ojú rírán yẹn gbọ́dọ̀ ya kíákíá nígbà ìjàm̀bá kí àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo ènìyàn lè jáde.

Etí yẹn sán nítorí ṣòkòtò jíìnsì tó ń wọ́ ọ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ń wọlé, ẹ kọ́kọ́ jókòó sí àárín àga, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé.