Aago 5 ló wà nínú àdéhùn, aago 9 ni wọ́n ń tú wa sílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Mo ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Pánṣẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta. Aago 8 àárọ̀ sí 5 ìrọ̀lẹ́ la jọ sọ. Láti oṣù mẹ́ta báyìí, ọ̀gá ń dá wa dúró di aago 9 alẹ́, kò sì fi kọ́bọ̀ lé owó wa. Ṣé mo lè kọ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Níbo ni lẹ́tà iṣẹ́ yín wà? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Òfin iṣẹ́ wa, Labour Act, kò dá wákàtí kan fún gbogbo ènìyàn. Abala 13 ní àdéhùn ni yóò sọ ọ́, ohunkóhun tó bá sì lé lórí rẹ̀ jẹ́ ofatáìmù. Ibi tó ń dun àwa lọ́yà pàápàá ni pé òfin náà ò sọ iye tí wọn yóò san fún wákàtí ofatáìmù kan. Àdéhùn náà la tún máa padà sí.

Bí wọn ò bá fún yín ní ìwé rárá, abala 7 ti ní kí wọ́n fún yín láàárín oṣù mẹ́ta tí ẹ wọṣẹ́, kí wákàtí iṣẹ́ àti owó sì wà nínú rẹ̀. Ẹ bèèrè. Bí ó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ó máa dúró nígbàkígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti fọwọ́ sí irú ẹ̀ láìkà á. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀gá kò lè dá nìkan yí àdéhùn padà, ẹ sì lè kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn gbé báàgì jáde o: ó ṣì lè fún yín ní nótíìsì pé kí ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí i tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 lóòjọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1. Ìrẹsì tí ẹ ń jẹ lẹ́yìn káńtà, tí ẹ ń fi ọwọ́ kejì ka ṣénjì, kì í ṣe ìsinmi. Ẹ tún ní ọjọ́ kan gbáko lọ́sẹ̀.

Láti òní, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ọjọ́, aago tí ẹ wọlé, aago tí ẹ jáde, lójoojúmọ́. Ẹ má pa àwọn WhatsApp tí ọ̀gá ti ní “ẹ dúró” rẹ́. Ìyẹn lẹ ó gbé lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ mínísírì iṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, kó tó di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́.