Linux kò jó WiFi rẹ: ìdáhùn fún ẹni tí ẹnjiníà ní kó lọ ra káàdì tuntun

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kékeré kan ní Àgọ́-Ìwòyè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Laptop HP tòkunbọ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, Windows 10 ló bá dé. Nígbà tí Microsoft ò tọ́jú Windows 10 mọ́, mo fi Ubuntu, irú Linux kan tó ń ṣe iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti inú flash tí ọ̀rẹ́ mi kan yá mi. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá wọ Ubuntu, WiFi ò sí rárá, printer mi (LaserJet P1102) kò sì dáhùn. Bí mo bá padà sí Windows, WiFi á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n agogo á ti fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Ẹnjiníà tó wò ó ní Linux ló ń jó káàdì WiFi náà díẹ̀díẹ̀, pé kí n ra òmíràn, kí n ra bátìrì CMOS (èyí tó ń gbé aago laptop) mọ́ ọn, kí òun sì pa Linux rẹ́ kó tó jó bọ́ọ̀dù. Níbo ni mo ti lè rí CD driver tó máa ṣiṣẹ́ fún méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, fi owó rẹ sápò ná. Káàdì kò jó, bátìrì kò kú, kò sì sí CD driver kankan tó ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Ìwọ fúnra rẹ ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí kí n tó dá sí i: o ní WiFi ń ṣiṣẹ́ tí o bá wọ Windows. Káàdì WiFi kan ṣoṣo ló wà nínú laptop yẹn. Bí ó bá ti jó, kò ní mọ̀ pé Windows lo tàn lónìí kó wá jí dìde.

Láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti ń bi mí léèrè irú ọ̀rọ̀ yìí, inú sì ń bí mi sí i, nítorí ọwọ́ àwọn tó ń fi laptop jẹun àti àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n ti ń gba owó yìí. Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀. Àwọn HP àtijọ́ kan wà tí BIOS wọn, ìyẹn ètò tó ń jí laptop kí Windows tó dé, ní orúkọ àwọn káàdì WiFi tó gbà láàyè. Bí o bá ki èyí tí kò mọ̀ bọ̀ ọ́, nígbà tí o bá tàn án, ohun tó máa kọ sójú ni 104-Unsupported wireless network device detected, ibẹ̀ ló sì máa dúró sí. Ẹni tó gbé laptop wá nítorí WiFi á wá gbé èyí tí kò tàn rárá lọ sílé.

Ohun tí ẹnjiníà rẹ kò mọ̀, tàbí tó mọ̀ tí kò fẹ́ sọ, ni pé driver kì í gbé inú káàdì, kì í sì í gbé inú laptop. Ètò kékeré ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa bá káàdì, printer tàbí ojú kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ fún operating system, ìyẹn Windows tàbí Ubuntu. Ti Windows wà nínú Windows, lórí ìpín díìsìkì tirẹ̀; ti Ubuntu wà nínú Ubuntu. Fi wé ayálégbé méjì tí wọ́n jọ ń fa omi nínú kànga kan lẹ́yìnkùlé: kálukú ló ní okùn àti korobá tirẹ̀. Bí ẹnì kejì bá kó dé láìní okùn, a kì í pe àwọn tó ń gbẹ́ kànga.

Ìdí nìyẹn tí fáìlì tí o rí lórí ìkànnì HP, èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .exe, kò fi lè ran Ubuntu lọ́wọ́. Windows ni wọ́n kọ ọ́ fún. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ fún ọ pé kí o fi Wine ṣí i. Lóòótọ́, Wine máa ń jẹ́ kí àwọn ètò Windows kan ṣiṣẹ́ lórí Linux, ṣùgbọ́n kò lè gbé driver wọ inú kernel, ìyẹn ọkàn Linux, ibẹ̀ sì ni driver ń gbé. Nígbà kan rí, ohun kan tí wọ́n ń pè ní ndiswrapper máa ń jẹ́ kí Linux yá driver WiFi ti Windows XP lò. Ayé yẹn ti lọ. Ẹni tó bá ṣì ń júwe rẹ̀ fún ọ, ìmọ̀ àtijọ́ ló ń tà.

Báwo wá ni Linux ṣe ń rí driver tirẹ̀? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wà nínú kernel kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Nítorí náà, ọjọ́ orí kernel ṣe pàtàkì ju ọjọ́ orí laptop lọ, flash ọ̀rẹ́ rẹ ni mo sì kọ́kọ́ fura sí. Gbé káàdì Realtek RTL8821CE yẹ̀ wò, ó wọ́pọ̀ nínú àwọn HP. Kernel 5.9 ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ìyẹn sì jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Ubuntu 20.04 ti jáde ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, pẹ̀lú kernel 5.4. Bí flash yẹn bá jẹ́ Ubuntu 20.04 àkọ́kọ́, tí káàdì rẹ sì jẹ́ RTL8821CE, kò lè sí WiFi, bó ti wù kí o gbàdúrà tó. Fi Ubuntu 24.04 sórí laptop kan náà, kernel 6.8 ló kọ́kọ́ bá a jáde, WiFi á jáde láìjẹ́ pé o fọwọ́ kan nǹkan kan. Flash àtijọ́ ni wọ́n ń pín kiri ládùúgbò wa, tí wọ́n sì ń sọ pé Linux ò dáa.

Ìyàtọ̀ kan ni Broadcom. Àwọn káàdì rẹ̀ kan wà, irú BCM43142, tí ilé-iṣẹ́ náà kò jẹ́ kí driver wọn wọ inú kernel. Ìwọ fúnra rẹ lo máa lọ gbé e wá. Intel kì í sábà da ni láàmú.

Mọ èyí tó wà nínú tìrẹ kí o tó ṣe ohunkóhun. Wọ Ubuntu, tẹ Ctrl, Alt àti T pa pọ̀ kí Terminal ṣí, kọ lspci -nnk, tẹ Enter. Ọ̀rọ̀ máa pọ̀ níbẹ̀, má bẹ̀rù. Wá ìlà tó ní Network controller. Níparí ìlà yẹn, nọ́ńbà méjì wà tí àmì : là láàárín. Wo ti iwájú: 14e4 ni Broadcom, 10ec ni Realtek, 8086 ni Intel. Lẹ́yìn náà, wo àwọn ìlà tó sún wọlé díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí o bá rí Kernel driver in use níbẹ̀, driver wà, nǹkan mìíràn ló dí WiFi lọ́wọ́. Màá dé ibẹ̀. Bí ìlà yẹn kò bá sí, driver ni kò sí. Àfi tí o kò bá rí ìlà Network controller rárá, tí Windows náà kò sì rí káàdì nínú Device Manager, ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ̀rọ̀ káàdì tó bàjẹ́. Tìrẹ kò sí nínú ìyẹn.

Ìbéèrè tó máa wá sí ọ lọ́kàn nìyí: báwo ni mo ṣe fẹ́ gba driver WiFi láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí kò sí WiFi? Fóònù Android rẹ ni. Fi okùn USB so ó mọ́ laptop, okùn tó ń gbé data o, kì í ṣe èyí tó kàn ń gba iná nìkan. Lọ sí Settings fóònù, níbi Hotspot, tan USB tethering. Ubuntu á gbà á bí ìgbà tí o so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì olókùn, kò bèèrè driver kankan lọ́wọ́ rẹ. Kí o tó tàn án, dá àwọn ohun tó ń ṣe update lórí kọ̀ǹpútà dúró, kó má baà jẹ data rẹ tán.

Bí ó bá jẹ́ Broadcom, ṣí Additional Drivers nínú Ubuntu, dúró kó wá a, yan èyí tó bá gbé síwájú rẹ, tẹ Apply Changes. Ẹni tó fẹ́ Terminal lè kọ sudo apt update, lẹ́yìn náà sudo apt install bcmwl-kernel-source. Bí ó bá jẹ́ Realtek tí Ubuntu rẹ sì ti pẹ́, má wulẹ̀ máa kó àwọn driver tí ẹnikẹ́ni kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Lọ gba Ubuntu tuntun láti ìkànnì Ubuntu fúnra rẹ̀. Kí o tó fi sí i, tan laptop láti inú flash, yan Try Ubuntu, kí o sì wò ó bóyá WiFi jáde. Bí ó bá jáde níbẹ̀, á jáde lẹ́yìn tí o bá fi sí i. Ìṣẹ́jú díẹ̀ nìyẹn gbà, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣe irú èyí máa ṣe é kí wọ́n tó fọwọ́ kan díìsìkì wọn.

Nígbà tí o bá ń fi driver Broadcom sí i, tí Secure Boot (ẹ̀ṣọ́ tó ń dènà ètò tí kò mọ̀ nígbà tí laptop bá ń tàn) bá wà ní títàn, Ubuntu á ní kí o yan password. Má fojú fò ó. Tí o bá tún laptop tàn, ojú búlúù kan á yọ tó kọ Perform MOK management. Àwọn èèyàn máa ń rò pé fáírọ́ọ̀sì ni, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kọjá, driver á sì wà níbẹ̀ láìṣiṣẹ́. Tẹ ohunkóhun kíákíá, nítorí kì í dúró pẹ́, yan Enroll MOK, Continue, Yes, kí o kọ password tí o yàn. Àwọn kan máa ní kí o kàn lọ pa Secure Boot nínú BIOS. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n bí BitLocker, àgádágodo Windows, bá ti díìsìkì Windows rẹ pa, nọ́ńbà gígùn kan tó ní díjíìtì 48 ni Windows máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ kó tó ṣí. Bí o kò bá ní nọ́ńbà yẹn, iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú. Mi ò rí laptop rẹ láti ibí, nítorí náà kó gbogbo fáìlì tó ṣe pàtàkì sí ibòmíràn kí o tó ṣe ìkankan nínú ohun tí mo sọ yìí.

Ó wá ku bí driver bá wà tí WiFi kò sì sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, Fast Startup ló fà á. Láti Windows 8 ni Microsoft ti ń lò ó: bí o bá tẹ Shut down, Windows kì í kú tán, ó kàn ń sùn kó lè tètè jí. Káàdì WiFi lè wà nínú oorun yẹn nígbà tí Ubuntu bá dé bá a. Bí o ṣe máa mọ̀ nìyí: nínú Windows, tẹ Restart dípò Shut down, torí pé Restart máa ń pa á tán, kí o wá yan Ubuntu. Bí WiFi bá yọ, o ti mú un. Lọ sí Control Panel, Power Options, Choose what the power buttons do, kí o yọ àmì kúrò lójú Turn on fast startup. Yọ ọ́ bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló fà á, nítorí pé Ubuntu lè máà gbà kí o kọ nǹkan sórí díìsìkì Windows tó ń sùn, fífi tipátipá kọ ọ́ sì lè ba fáìlì jẹ́.

Agogo ńkọ́? Linux ń fi aago UTC, ìyẹn aago àgbáyé, sínú laptop, Windows sì gbà pé aago ìlú ló wà níbẹ̀. Wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣáájú UTC, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ wákàtí kan géérégé ló ń fi rẹ̀yìn. Bátìrì CMOS tó kú kì í ka wákàtí kan pérépéré, ọdún tó ti kọjá ló máa ń gbé ọ padà sí. Kọ èyí sínú Terminal: timedatectl set-local-rtc 1. Ubuntu lè ráhùn díẹ̀ nípa rẹ̀, jẹ́ kó ráhùn.

Printer rẹ náà kò bàjẹ́. P1102 wà lára àwọn LaserJet tó nílò ohun kan láti ọ̀dọ̀ HP kí Linux tó lè lò ó. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, kọ hp-plugin nínú Terminal, gbà sí ohun tó bá bi ọ́, pa printer kí o tún un tàn.

Ní ti ẹnjiníà tó fẹ́ pa Linux rẹ́, má jẹ́ kó ṣe é báyẹn. Bó bá kàn lọ pa ìpín díìsìkì Ubuntu rẹ́ láti inú Windows, ibi tí laptop ń kọ́kọ́ lọ nígbà tó bá ń jí á ti sófo. grub> lásán (orúkọ ètò tó ń jẹ́ kí o yan Windows tàbí Ubuntu) ló máa kọ sójú, o ò sì ní rí Windows wọ̀. Bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ kí o tó ka ìdáhùn yìí, pa laptop, tàn án, máa tẹ F9 léraléra, kí o yan Windows Boot Manager. Lẹ́yìn náà lo máa wọ BIOS pẹ̀lú F10, kí o gbé Windows Boot Manager sókè nínú boot order.