Kapásítọ̀ Tẹlifíṣàn Àtijọ́: Ẹ Má Tíì Tan Án

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Tẹlifíṣàn aláwòrán dúdú-òun-funfun kan wà nílé wa ní Ìbàdàn, tí bàbá wa olóògbé rà kí wọ́n tó bí mi. Pákó ni àpótí rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, fáàfù onígíláàsì ló sì kún inú rẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti tàn án kẹ́yìn. Oníṣẹ́ rédíò kan ní kí n kàn tàn án wò. Òmíràn ní kí a tú gbogbo kapásítọ̀ inú rẹ̀ dànù pátá. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Òǹkàwé kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ti ẹni àkọ́kọ́ kò ṣe é gbà rárá, ìdajì ọ̀rọ̀ ẹnì kejì ni kí ẹ mú. Tẹlifíṣàn tí ẹ júwe yìí jọ irú èyí tí àwọn èèyàn ń rà láwọn ọdún tó tẹ̀ lé ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Fáàfù, ìyẹn ìgò kékeré tó ń mú àmì iná lágbára sí i, ni gbogbo èèyàn máa ń fura sí nínú wọn, ṣùgbọ́n kapásítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́ fúngbà díẹ̀, ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ bí a bá pa wọ́n tì.

Oríṣi méjì ni kí ẹ pààrọ̀ láìjanpata. Èkíní ni èyí tí wọ́n fi bébà ká, tí wọ́n fi ìda bò. Ọ̀rinrin máa ń wọ inú bébà náà díẹ̀díẹ̀, títí iná DC (iná tó ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo) tó yẹ kí kapásítọ̀ dá dúró yóò fi máa jò kọjá. Èyí tó burú jù ni èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà fáàfù tó ń gbé ohùn jáde, nítorí bó bá ń jò, fáàfù náà yóò máa fa iná ju agbára rẹ̀ lọ, yóò gbóná kọjá ààlà, ó sì lè jó tìráńsífọ́mà sípíkà. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ṣe ń ba ohun tó ṣòro láti rí rà jẹ́.

Èkejì ni electrolytic, inú agolo alúmíníọ́mù. Omi kẹ́míkà inú rẹ̀ máa ń gbẹ, awọ tín-ín-rín tó ń dá iná dúró níbẹ̀ a sì máa ṣá bí a kò bá lò ó. Bí 230 fóòtì bá kọlù ú lójijì, ó lè bú. Àwọn kan máa ń fi iná díẹ̀díẹ̀ jí i padà. Èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kejì ni kapásítọ̀ máíkà àti seramíìkì. Wọn kì í sábà bàjẹ́, àwọn kan sì wà lára ohun tó ń mú ìkànnì, tó jẹ́ pé bí ẹ bá tú wọn, ẹ ó da ìtò rẹ̀ rú.

Ẹ fi 0.1 µF 630V onífíìmù (oníke tín-ín-rín) rọ́pò 0.1 µF 400V oníbébà; µF ni òṣùwọ̀n bí kapásítọ̀ ṣe lè gba iná tó, V sì ni fóòtì. 47 µF 450V tó láti rọ́pò 50 µF 350V. Fóòtì tuntun kò gbọdọ̀ dín sí ti àtijọ́, ẹ má sì ṣi apá rere àti apá òdì electrolytic gbé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa pààrọ̀ wọn, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi fóònù ya àwòrán ibẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé nínú ọ̀pọ̀ irú tẹlifíṣàn bẹ́ẹ̀, irin abẹ́ rẹ̀ so tààrà mọ́ wáyà iná ilé, àti pé ìgò ojú rẹ̀ lè tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì pamọ́ lẹ́yìn tí a ti pa á. Ẹni tó mọ iṣẹ́ fáàfù dunjú ni kó ṣí i. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tàn án, ẹ kọ́kọ́ fi gílóòbù onírun (irú àtijọ́ tó máa ń gbóná) 100 wáàtì sí ojú ọ̀nà iná rẹ̀. Bí gílóòbù náà bá mọ́lẹ̀ gan-an tí kò sì rọlẹ̀, ẹ pa á kíákíá.

Bí ìrísí àtijọ́ bá jẹ yín lógún, ẹ gé wáyà kúrò lára agolo ńlá náà, ẹ fi í sílẹ̀ síbi tó wà, kí ẹ sì so kapásítọ̀ tuntun mọ́ abẹ́ rẹ̀.