Bátìrì tuntun méjì, mọ́tò ò tún sítáàtì: Ẹ bi Ọ̀gá Ríwáyà

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ díẹ̀, òjò ló fà á, torí òjò Abẹ́òkúta àti wáyà àtijọ́ ò lè gbé inú ilé kan. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó gùn jù.

*Ọ̀gá Ríwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Camry Orobo 1996 ni mò ń lò, gíà ọ́tò. Mo ti ra bátìrì tuntun méjì láàárín oṣù méje, ọ́tánétọ̀ tòkunbọ̀ náà ti wọ inú ẹ̀, síbẹ̀ tí mo bá páàkì ẹ̀ nírọ̀lẹ́ Fúráìdé, tó bá fi máa di àárọ̀ Mọ́ńdè, kẹ-kẹ-kẹ ló máa ń ṣe, kò ní sítáàtì. Àwọn ọmọ àdúgbò ti tì í títí ó ti sú wọn. Ríwáyà mi ní kí n tún lọ ra ọ́tánétọ̀ mìíràn. Ṣé kí n rà á? Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàrà.*

Ẹ kú àárọ̀ sà. Rárá o, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹni tó bá ń ra páàtì sínú mọ́tò láì tíì fi mítà wò ó, tẹ́tẹ́ ló ń ta, owó yín ló sì fi ń ta á.

Kẹ-kẹ-kẹ tó ń ṣe yẹn gan-an ti sọ̀rọ̀. Iná tó dé ọ̀dọ̀ kíkì sítátà ni ò tó, ó gbìyànjú, kò lágbára, ó jáwọ́, ó tún gbìyànjú. Ká ní ẹyọ kan ṣoṣo ló ń ṣe, "kọ̀!" báyìí, tó wá dákẹ́, tí iná inú mọ́tò sì ń tàn rekete, ìgbà yẹn la máa fura sí kíkì fúnra ẹ̀. Ti àwọn ọmọ tó ń tì í yẹn, ẹ ní kí wọ́n lọ sinmi jàre, gíà ọ́tò kì í tìtorí títì sítáàtì, wọn ì báà tì í láti Ìbàrà dé Làfẹ́nwá, torí ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù inú gíà, tí ẹ́ńjìnnì ò bá sì tíì yí, taya ò rí nǹkan dì mú.

Ẹ ra mítà kékeré, èyí tó ń kọ nọ́ńbà. Láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ẹ gbé e lé orí méjèèjì tí bátìrì ní. Bátìrì tó yó máa kọ 12.6 fóòtì tàbí kó lé díẹ̀, 12.2 ti dé ìdajì nìyẹn, tó bá ti wá sí 11.8 ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kú. Ẹ jọ́mpù ẹ̀, ẹ sítáàtì, kẹ́ ẹ tún wò ó. Ọ́tánétọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ á gbé e lọ sí láàárín 13.8 sí 14.5. Tẹ́ ẹ bá ti rí nọ́ńbà yẹn, ó ń ṣáájì nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ torí ṣáájì ta òmíràn fún yín.

Èmi gbà pé iná ló ń jò lálẹ́, nígbà tẹ́ ẹ ti sùn. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí, ṣebí tíṣà ni yín. Láti agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé sí mẹ́fà àárọ̀ Mọ́ńdè, wákàtí 60 ni. Tí nǹkan kan bá ń fa ìdajì ámpù péré, 60 lọ́nà ìdajì, 30 nìyẹn, bátìrì 60 ámpù-wákàtí ti dà sí ìdajì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wa mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá wá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bátìrì ọ̀hún ò ní pẹ́ bàjẹ́ tán pátápátá, torí bátìrì mọ́tò ò fẹ́ràn kí wọ́n máa fà á gbẹ kí wọ́n tún máa kún un, ìdí ẹ̀ nìyẹn tẹ́ ẹ fi ra méjì lóṣù méje.

Bẹ́ẹ ṣe máa mú olè náà rèé. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Àpótí fíúsì kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, torí náà ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà sílẹ̀ ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù tẹ súwíìṣì ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀ kí iná òkè má tàn. Ẹ ki wáyà pupa mítà bọ ihò tí wọ́n kọ 10A sí, ẹ yí i sí ámpù, ẹ tú orí négétíìfù bátìrì, kẹ́ ẹ wá fi mítà há àárín orí bátìrì àti wáyà tẹ́ ẹ tú. Ẹ má dán an wò láti sítáàtì mọ́tò nígbà tí mítà ṣì wà níbẹ̀ o, fíúsì inú mítà á lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fún un ní ogún ìṣẹ́jú. Aago àti rédíò ní tiwọn tí wọ́n máa ń mu, 0.02, 0.03, ìyẹn ò burú. Tó bá ti ju 0.05 lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tẹ́ ẹ bá yọ tí nọ́ńbà já wálẹ̀ wọ̀ọ̀, ojú ọ̀nà ẹ̀ ni olè wà. Èyí tí mo máa ń rí jù ni rédíò tí wọ́n so tààràtà mọ́ bátìrì, àláàmù olówó pọ́ọ́kú, àti gílóòbù bùútù tí kì í kú. Ti bùútù yẹn, ẹ kàn tan fídíò fóònù yín, ẹ gbé e sínú bùútù, ẹ pa á dé, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ ẹ ó rí i bóyá iná kú.

Tẹ́ ẹ bá wá yọ fíúsì tán tí nọ́ńbà ò mì, ẹ tú wáyà ńlá ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ (ẹ kọ́kọ́ yọ mítà kúrò ná, kí orí bátìrì wà nítìtú, kẹ́ ẹ tó fi sípáná kan ibẹ̀), kẹ́ ẹ wá dá mítà padà. Tó bá já wálẹ̀ báyìí, dáyóòdù (ohun tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn) inú ọ́tánétọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n tà fún yín ló ń jò. Ó ń ṣáájì lọ́sàn-án, ó ń jí i gbà padà lóru. Èyí nìkan ni máa fi gbà pẹ̀lú ríwáyà yín.

*Ẹ̀gbọ́n, Golf 3 ni mo fi ń kó ọjà. Tí mo bá tẹ bírééki, tíréfíkétọ̀ ẹ̀yìn náà á máa tàn ráúráú, tí mo bá wá tan tíréfíkétọ̀ bírééki láìtì á máa ṣẹ́jú pẹ̀lú ẹ̀. Wọ́n ní iná ẹ̀yìn méjèèjì ni kí n pààrọ̀ lódidi. Aládìrẹ, Ìtòkú.*

Àǹtí mi, ẹ tọ́jú owó yín. Ẹ́ẹ̀tì ni. Iná tó lọ sínú gílóòbù gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sí bátìrì, ara mọ́tò ló ń gbà padà, tí ojú ibi tí wọ́n ti de wáyà mọ́ ara mọ́tò bá ti dípẹtà, kò ní dúró síbẹ̀, àárín gílóòbù kejì ló máa gbà kọjá, ìyẹn náà á tàn díẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn iná yẹn látinú bùútù, wáyà búráwùn ni kẹ́ ẹ wá, Jámánì ló ṣe Golf, búráwùn sì ni wọ́n fi ń ṣe ẹ́ẹ̀tì (ti Toyota, funfun tó ní ìlà dúdú ni). Ẹ tẹ̀ lé e dé ibi tí nọ́ọ̀tì ẹ̀ wà, ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà ha á títí irin á fi dán, ẹ dè é padà, ẹ fi gírísì bò ó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i dájú kẹ́ ẹ tó ṣe wàhálà, ẹ ní kí wọ́n fa wáyà kan láti búráwùn yẹn lọ sí irin tó mọ́, kẹ́ ẹ tẹ bírééki, ẹ ó rí i pé tíréfíkétọ̀ á dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ ò bi mí: ṣé ẹ máa ń kó àdìrẹ tútù sínú bùútù yẹn? Omi aró tó ní kọ́sítíìkì nínú ò ní jẹ́ kí ẹ́ẹ̀tì kankan pẹ́ níbẹ̀. Ẹ tẹ́ ọ̀rá nípọn sábẹ́ ẹ̀.

*Ṣé ó dáa kí ríwáyà yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, láti mọ̀ bóyá ọ́tánétọ̀ ń ṣáájì? Ọbántòkò.*

Kò dáa. Láyé 504 tó ń lo kabúrétọ̀, tí kò sí brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) nínú ẹ̀, wọ́n ń ṣe é wọ́n ń jẹ gbèsè ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bátìrì ló ń gbé iná ọ́tánétọ̀ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ yọ ọ́ lójijì, fóòtì lè fò ju 40 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, brain box tí wọ́n ṣe fún 12 ló máa gbà á. Ẹnì kan ṣe é lójú mi, mọ́tò kú síbẹ̀, bátìrì ò ní nǹkan kan tó ṣe é tẹ́lẹ̀. Tí ríwáyà bá ní òun ò ní mítà, ẹ wá ẹlòmíì.

*Ọ̀gá, Micra ni mò ń gbé, Àṣẹ̀rọ sí Kútọ̀. Fíúsì 10 ti páàkì láìtì ń jó lálaalẹ́, mo wá fi 30 sí i, kò jó mọ́, ṣùgbọ́n mò ń gbóòórùn rọ́bà.*

Àbúrò, yọ ọ́ lónìí, má tíì gbé èrò kankan. Fíúsì kì í ṣọ́ gílóòbù, wáyà ló ń ṣọ́. Wáyà tín-ín-rín yẹn ò lè gbé 30, o sọ pé kí fíúsì má kú, wáyà ló wá ń kú dípò ẹ̀, ọ̀rá ara ẹ̀ tó ń yọ́ lò ń gbóòórùn. 10 pupa ni, 30 gírínì, o ò tiẹ̀ nílò kó o mọ̀wé kà. Wáyà ti bó níbì kan tó kan ara mọ́tò, ó ti bridge. Gba gílóòbù bírééki kan, so wáyà méjì mọ́ ọn, kó o ki ẹnu wáyà méjèèjì bọ ihò tí fíúsì wà, kó o tan páàkì láìtì. Á tàn rekete. Wá máa mi àwọn wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti iwájú dé ẹ̀yìn, ibi tó o bá mì tí gílóòbù náà rọlẹ̀, ibẹ̀ ni. Wo ibi tí wáyà ti gba ẹnu bùútù kọjá lákọ̀ọ́kọ́, bùútù Micra tíyín yẹn, ọjọ́ kan ẹ lè ṣí i pa á nígbà ogójì.