Ẹ̀rín Ta Ni À Ń Gbọ́ Yẹn? Ìbéèrè Yín Lórí Eré Àwàdà Tẹlifíṣọ̀n

Lẹ́tà lórí eré àwàdà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú àpò wa lóṣù yìí. Mẹ́rin la mú nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo wo Young Sheldon dópin, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Wọ́n wá gbé Georgie & Mandy's First Marriage jáde, ẹbí kan náà, ìtàn kan náà tó ń tẹ̀ síwájú, àfi gèè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ méjì-méjì! Ọmọ mi ní ẹ̀rọ ló ń rín in. Kí ló dé tí wọ́n fi bà á jẹ́ báyìí? — Òǹkàwé, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ọmọ yín gba máàkì díẹ̀, kò gbà á tán. Iwájú èrò ni wọ́n ti ń ya Georgie & Mandy, tí CBS, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sáfẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 2024. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe The Big Bang Theory tí gbogbo ìtàn yìí ti ṣẹ̀ wá, láti 2007 sí 2019. Young Sheldon, 2017 sí 2024, ló yà sọ́tọ̀ láàárín wọn.

Ẹ wo tábìlì ìjẹun nínú eré tí wọ́n bá yà níwájú èrò. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń jókòó sí, kì í fi bẹ́ẹ̀ sẹ́ni tó ń kẹ́yìn sí wa. Ògiri mẹ́ta ni ilé náà ní. Ibi tó yẹ kí ìkẹrin wà ni kámẹ́rà wà, mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà, èrò sì jókòó lẹ́yìn wọn. Gbogbo kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ọkọ sọ àti bí ìyá ìyàwó ṣe fajú ro, ìgbà kan náà ni wọ́n mú un. Òṣèré sì gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀ díẹ̀ kó tó fèsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rín á gbé èsì náà mì. Tí ẹnì kan bá yọ ẹ̀rín kúrò, ẹ ó rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n kàn ń wo ara wọn bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Kámẹ́rà kan ni ti Young Sheldon: wọ́n á yà á láti ibí, wọ́n á sún iná, wọ́n á tún yà á láti ọ̀hún. Kò sí èrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, wíwò lásán sì lè jẹ́ àwàdà.

Ibi tí ọmọ yín ti jàre nìyí: wọ́n máa ń tún ibì kan yà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kejì, èrò ti gbọ́ àwàdà náà, ẹ̀rín wọn á tutù. Ẹni tó ń to eré pọ̀ lè mú ẹ̀rín àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ èyí tí òṣèré ti ṣe dáadáa jù, kó sì gé èyí tó gùn jù. Ẹ̀rọ ẹ̀rín náà wà lóòótọ́. Charley Douglass, ẹnjiníà ohùn ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. CBS fipá mú àwọn tó ṣe M*A*S*H, eré àwàdà nípa ilé ìwòsàn ọmọ ogun lójú ogun, láti fi irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ sí i. Àwọn náà kọ̀ jálẹ̀ pé kò gbọdọ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí BBC ń gbé e nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láìsí ẹ̀rín rárá ni.

Lójú tiwa, wọn ò bà á jẹ́. Young Sheldon jẹ́ ìrántí ìgbà èwe tí àgbàlagbà ń sọ, ó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Georgie ní tirẹ̀ jẹ́ ọkọ tó kó lọ gbé ilé àna, tó tún ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù táyà bàbá ìyàwó. Yorùbá wo ló máa rí ìyẹn tí kò ní fẹ́ kí èrò bá òun rín in?

Ìbéèrè: Ẹ̀rín ń pariwo, ọ̀rọ̀ sì wà nísàlẹ̀. Àwòrán náà tún ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bíi fídíò ìgbéyàwó. Tẹlifíṣọ̀n tuntun ni o. — Òǹkàwé, London

Ìdáhùn: Ọ̀nà ohùn mẹ́fà ni 5.1, irú ohùn tí wọ́n ṣe fún sípíkà tó yí yàrá ká. Àárín ni wọ́n sábà ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu sí, wọ́n á fọ́n ẹ̀rín àti orin sí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Tẹlifíṣọ̀n tó ní sípíkà méjì péré máa ń rún gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ ló sì máa ń jìyà. Ẹ kọ́kọ́ wọ ibi tí wọ́n ti ń yan ohùn nínú áàpù tí ẹ fi ń wò ó. Tí oríṣi méjì bá wà, ẹ mú èyí tí kò ní 5.1. Tí kò bá sí, ẹ wọ Settings, ẹ wá Sound, ẹ pa gbogbo ohun tó ń jẹ́ surround, kí ẹ sì tan èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ sókè. Clear Voice ni LG ń pè é. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: sípíkà tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ sábà máa ń dojú kọlẹ̀ tàbí ògiri. Tí ẹ bá tẹ́ aṣọ nínípọn sábẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́, aṣọ yẹn ń mu ohùn. Ẹ ká a kúrò.

Ní ti àwòrán, ẹ̀rọ yín ló ń dá àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò yà sáàárín èyí tí wọ́n yà. Picture Clarity ni lára Samsung tuntun (Auto Motion Plus lára ti tẹ́lẹ̀), TruMotion lára LG, Motionflow lára Sony. Ẹ pa á.

Ìbéèrè: Níbo ni Auntie Olu, Uncle Tunde àti Kemi máa ń wọlé sí ní sáà ìkẹyìn Bob Hearts Abishola, eré ọkùnrin Amẹ́ríkà tó fẹ́ nọ́ọ̀sì Yorùbá? Kí ló sì dé tí Yorùbá wọn kò fi dọ́gba? — Òǹkàwé, Houston

Ìdáhùn: Owó ni. Kí sáà karùn-ún tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n dín ìnáwó kù. Billy Gardell (Bob) àti Folake Olowofoyeku (Abishola) nìkan ló kù nípò òṣèré gbogbo ìgbà. Àwọn yòókù di ẹni tó ń wá ní apá tí wọ́n bá pè wọ́n sí. Ìyanṣẹ́lódì 2023 tún bọ́ sí i: ti àwọn òǹkọ̀wé láti ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún dé ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, ti àwọn òṣèré láti oṣù keje dé oṣù kọkànlá. Apá 22 ni sáà kẹta àti ìkẹrin ní lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkarùn-ún wá di 13, ó sì parí ní oṣù karùn-ún 2024. Ẹ máa ka iye apá tó kù kí ẹ tó bú òǹkọ̀wé pé ó sáré parí ìtàn.

Ní ti èdè, Èkó ni wọ́n bí Olowofoyeku sí. London ni wọ́n ti bí Gina Yashere tó ṣe Kemi, tó sì wà lára àwọn tó dá eré náà sílẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kì í sì í ṣe Yorùbá. Ọmọ Amẹ́ríkà ni Barry Shabaka Henley tó ṣe Uncle Tunde. Bayo Akinfemi, Goodwin inú eré náà, ló ń kọ́ wọn ní gbólóhùn. Ẹ fi lẹ́tà èèbó kọ “oko mi” síwájú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá: ó lè pe ọkọ rẹ̀ ní ọkọ̀, ó lè pè é ní ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ilẹ̀. Tí èrò bá sì ti rẹ́rìn-ín sí gbólóhùn náà, kò rọrùn láti dá eré dúró nítorí àmì ohùn kan. Fún eré tó jẹ́ pé alẹ́ Mọ́ńdè ni CBS ń gbé e fún gbogbo Amẹ́ríkà, wọ́n gbìyànjú.

Ìbéèrè: Apá mélòó ni kí n wò kí n tó pa eré tuntun tì? — Òǹkàwé, Òṣogbo

Ìdáhùn: Márùn-ún. Apá kìíní kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ọjà tí wọ́n fi ń pe oníbàárà ni. Ó sábà máa ń ṣáájú èyí tó kù pẹ̀lú oṣù mélòó kan. The Big Bang Theory ya apá kìíní lẹ́ẹ̀mejì: nínú ti 2006, tí wọn kò gbé sáfẹ́fẹ́, Katie ló wà níbẹ̀, kò sí Penny, aládùúgbò tí gbogbo èèyàn wá mọ̀, rárá. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 sí 22 ni apá kan tí ẹ bá yọ ìpolówó ọjà, kò sì sí àyè fún ẹni tí kò níṣẹ́. Tó bá di apá kẹrin, ẹ kẹ́yìn sí tẹlifíṣọ̀n fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ máa gbọ́ ọ lásán, kì í ṣe ohùn wọn o, ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣé ẹ lè mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀? Tí a bá lè gba àwàdà kan lẹ́nu ìyá ká fi sẹ́nu ọmọ láìyí nǹkan kan padà, àwàdà ọjà ni. Tí apá karùn-ún bá sì parí tí ẹ kò tíì mọ orúkọ ju èèyàn méjì lọ, ẹ pa á, ẹ lọ sùn.