Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fọwọ́ sí ìdánwò yìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan kọ module kékeré (ègé kóòdù tí a lè gbé wọ inú kernel) fún kernel Linux, ìpìlẹ̀ tó ń darí ẹ̀rọ, ó sì kọ ìdánwò tì í. Thread mẹ́rin, ìyẹn iṣẹ́ mẹ́rin tó lè máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ló wà nínú ìdánwò náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ọ̀nà ioctl (ìpè tí ètò fi ń bá kernel sọ̀rọ̀) fi oókan kún òǹkà kan nínú kernel, nígbà 1,000. Ó fi usleep (àṣẹ tó ń dá thread dúró díẹ̀) síbẹ̀ kí àwọn thread lè dúró de ara wọn. Mo ti ṣe é nígbà ogún, 4,000 ló ń jáde ṣáá. Èmi ni wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé kí n fọwọ́ sí i? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì fọwọ́ sí i. Ìgbà mélòó lo ti rí i kí ìdánwò yẹn kùnà? Ibẹ̀ ni èmi ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ inú VM (ẹ̀rọ àfarawé inú kọ̀ǹpútà rẹ), yọ spin_lock àti spin_unlock tó yí òǹkà náà ká, ìyẹn lock tí kì í jẹ́ kí thread méjì fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan náà, tẹ make kó tún module náà kọ́, fi insmod gbé module náà wọlé, kó o wá ṣe ìdánwò náà. Bí 4,000 bá ṣì ń jáde láìsí lock, ajá tí kì í gbó olè ni ọ̀rẹ́ rẹ so mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Wo ohun tí lock yẹn ń dènà. Ká ní òǹkà wà ní 41. Thread kan ka 41. Kó tó kọ 42 sílẹ̀, èkejì náà ti ka 41. Èyí kọ 42, ìyẹn náà kọ 42. Ẹni méjì ṣiṣẹ́, owó iṣẹ́ ẹnì kan ló wọlé. Àlàfo tí wọ́n ti lè pàdé yẹn kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Pẹ̀lú 1,000 péré, thread àkọ́kọ́ lè ti parí tirẹ̀ kí ìkẹrin tó dìde. Ní ti usleep, àfojúdá lásán ni. pthread_barrier_wait ni kó lò: kò sẹ́ni tó máa kọjá níbẹ̀ títí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi pé. Kó sì sọ 1,000 di 1,000,000.

Mo ti fọwọ́ sí ìdánwò tó ní usleep rí. Lórí laptop mi, kò yẹ̀. Nígbà tó dórí ẹ̀rọ tó ní CPU 64, òǹkà bẹ̀rẹ̀ sí í dín ní méjì, ní mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi wá ibi tí iye tó dín náà wọlẹ̀ sí. Ó ṣì ń dùn mí.

Tẹ nproc nínú VM rẹ, kó o rí iye CPU tó ní. Bó bá jẹ́ 1 ló jáde, ogún ìgbà tó o ṣe é yẹn lè má já mọ́ nǹkan kan, torí lórí CPU kan ṣoṣo, àwọn thread náà kì í wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní irú ibẹ̀, kí ìdánwò náà dá 4 padà, èyí tí kselftest, àkójọ ìdánwò kernel fúnra rẹ̀, ń kà sí pé a fò ó, kó má dá 0 padà bí ẹni pé ó yege.

Lẹ́yìn náà, tan CONFIG_KCSAN, ohun èlò tó ń wá irú ìforígbárí yìí, nínú kernel tó o fi ń dánwò. Láti ẹ̀dà 5.8, ní 2020, ló ti wà níbẹ̀. Ó máa ń ṣọ́ ibi kan nínú memory, á dúró díẹ̀, bí thread mìíràn bá fọwọ́ kan ibẹ̀ láìgba lock, á pariwo “data-race” sínú dmesg, àkọsílẹ̀ ohun tí kernel ń sọ.

Má rò pé mò ń le jù. Dirty COW, àléébù ààbò tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ CVE-2016-5195, wà nínú Linux láti 2007, 2016 ni wọ́n tó tú u fó. Thread méjì tó ń sáré yípo ni wọ́n fi ń lò ó: ọ̀kan ń pe madvise (ó ń sọ fún kernel pé kó ju apá kan memory nù), ìkejì ń kọ̀wé sínú /proc/self/mem (fáìlì tó dúró fún memory ètò náà), títí wọ́n á fi pàdé nínú àlàfo. Irú ìforítì bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ nínú ìdánwò ọ̀rẹ́ rẹ.

Wò ó bóyá ó pe pthread_join (tó ń dúró kí thread parí) fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó ka òǹkà. Nígbà tó o bá ń kọ èsì sí i, lẹ iye tó jáde nígbà tó o yọ lock mọ́ ọn, kóun náà fojú ara rẹ̀ rí i.