Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ọkọ̀ Volkswagen Ìjàpá àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ sí Adó-Èkìtì?

Ilẹ̀ ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ọ̀dà ló gbẹ̀yìn pátápátá. Ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, kí ẹ fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún abẹ́ bátìrì, torí ibẹ̀ wà lára ibi tí Volkswagen Ìjàpá ti máa ń dípẹtà jù. Bó bá ti lu, ẹ wá wẹ́dà tó mọṣẹ́.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì, nǹkan bíi lítà 2.5, ló ń tù ú. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù rẹ̀: bó bá já lórí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo kí ẹ tó sítáàtì; èyí tó ti gbó máa ń fa iná.